Kọjú Ọmọ Náà Sí Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gba àtẹ̀gùn? Ara àwa náà le. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ti ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé bí ẹni pé èrò ọkọ̀ ni wá: "Ẹ wọlé dáadáa, ẹ di nǹkan mú." Èmi náà ṣì ń lọ sí ilé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ikùn mi ti yọ síwájú débi pé mi ò lè sún mọ́ tábìlì tá a ti ń po ìyẹ̀fun mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ń dúró sí bí akàn.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Ibi iṣẹ́ ti ní kí n padà wá ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí mo bá ti bímọ tí ara mi sì ti balẹ̀. Ẹ ti sọ nígbà kan pé ẹ̀yin lẹ máa wá dúró ti ọmọ. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀? Bí kò bá sí ẹ̀yin, ilé ìtọ́jú ọmọ la máa gbé e lọ, sáàárín àwọn tá ò mọ̀ rí, ọkàn mi ò sì gba ìyẹn rárá.

A ti ń wo kẹ̀kẹ́ ọmọ, èyí tí ẹ ó máa fi tì í kiri. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan fúyẹ́, ó ṣeé ká pọ̀ bí agboòrùn, ọmọ á kọjú síwájú nínú rẹ̀, á máa wo ọ̀nà. Èkejì wúwo bí òjé, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ń yí: ẹ lè dojú ọmọ kọ ọ̀nà, ẹ sì lè dojú rẹ̀ kọ ẹni tó ń tì í. Òkè àjà kẹta là ń gbé, àtẹ̀gùn la sì ń fi ẹsẹ̀ gùn. Èyí tó fúyẹ́ ni ọkàn mi fẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Èmi ni ọmọ yín,
Aláròyé


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Aláròyé mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á ní ìdúró, mo tún jókòó kà á. Orúnkún mi wà níbi tó wà, ó ń ráhùn, èmi náà ń ráhùn, a jọ ń gbé pọ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀? Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ló fẹ́ dúró ti ọmọ-ọmọ mi tí mo bá wà láyé? Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Mo ti di báàgì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ láràárọ̀, inú mi á sì dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ aṣọ híhun, kò tíì sí ohun tó wù mí ṣe tó èyí.

Ní ti kẹ̀kẹ́, èyí tó ń yí ni kí ẹ rà. Kí ojú ọmọ kọ mí. Kí ni mo fẹ́ fi ìpàkọ́ ọmọ ṣe? Ojú ni mo fẹ́ máa wò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ ọ̀nà kó tó mọ ẹni tó ń gbé e rìn. Bí kò bá ti yí, ẹ má rà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé kó máa wakọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti fẹ́ di baba. Fi àwòrán ikùn yẹn ránṣẹ́ kí n rí i.

Èmi ni, ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Màámi mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ara o. Mo fi àwòrán ikùn sínú lẹ́tà yìí. Ẹ má bẹ̀rù, ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, dókítà ti wò ó dáadáa.

A tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọkọ mi gbé àpò ìyẹ̀fun kan dání láti ilé búrẹ́dì, ó ní a gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó wúwo dán an wò. Ó fi ìgbànú kẹ̀kẹ́ di ìyẹ̀fun náà, ó ń tì í kiri, ó ń bi í pé, "Ṣé ara tù ẹ́ báyìí?" Àpò ti lu níbì kan, ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí a bá gbà. Olùtajà ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Èyí tó ń yí yẹn dára lóòótọ́. Ẹ ó kàn tẹ nǹkan kan lábẹ́ ìjókòó, á yí wá sọ́dọ̀ yín, ọmọ á ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun wa ò tilẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi fẹ́ gbé e sókè, ó dákẹ́, ọkọ mi kì í sì í dákẹ́.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣe díẹ̀ nínú àròyé tí ẹ torí rẹ̀ sọ mí lórúkọ. Ẹ̀yìn yín ni mo gbé dàgbà. Kí ni mo ń rí níbẹ̀? Ọrùn yín àti ẹ̀yìn etí yín. Ẹ ò rí ojú mi, èmi náà ò rí tiyín, síbẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn mo mọ ìyá mi. Kí ló wá burú tí ọmọ tèmi bá kọjú síwájú? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ òjé gun àtẹ̀gùn.

Mo tún fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ fóònù. Tí mo bá pè yín, ẹ ó sọ tiyín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ó ní ó dàbọ̀, ẹ ó pa á, èmi ò tíì rí àyè sọ pé ẹ káàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi yín bóyá ó yẹ kí ẹsẹ̀ mi wú báyìí. Ẹ ní òjò ti rọ̀. Mo jókòó, mo ń wo ẹsẹ̀ mi, mo ń ronú bí òjò ṣe kàn án. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?

Aláròyé yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin

Aláròyé,

O ò ṣẹ̀ mí. Fóònù kò bá mi lára mu, ó tán. Lẹ́tà ṣeé ká, ó ṣeé tún kà, mo lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè sórí àpótí tí o bá ti jókòó, kí o sì dín iyọ̀ kù.

O ní ẹ̀yìn mi lo gbé dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà lẹ́yìn, èmi ni mo pọ̀n ọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó pọ̀n ọmọ mọ̀. Tí o bá fẹ́ sunkún, àyà rẹ á kọ́kọ́ gbọ̀n lẹ́yìn mi. Tí oorun bá ń gbé ọ lọ, orí rẹ á fara tì mí. Tí ebi bá ń pa ọ́, o ó máa fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yìn mi ló ń sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Táyà kẹ̀kẹ́ kì í sọ nǹkan kan fún ènìyàn. Bí mi ò bá lè pọ̀n ọ́n nítorí orúnkún yìí, kí n kúkú máa rí ojú rẹ̀.

Má bá mi jiyàn mọ́ lórí èyí, mo bẹ̀ ọ́. Tí ó bá jẹ́ ìwúwo ló ń dùn yín, ẹ wá ibi gbé e sí nísàlẹ̀.

Ìyá rẹ ni mo ṣì jẹ́


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Màámi,

Ẹ bá mi yọ̀. Ọkùnrin ni. Ó dé ní ọ̀sán gangan, ara rẹ̀ le, ara èmi náà le, baba rẹ̀ nìkan ló nílò omi tútù. Ó ti sọ ọ́ ní Èrò Tuntun. Ó ń gbé e kiri yàrá, ó ń pe orúkọ ibùdókọ̀: "Ẹnu ọ̀nà rèé o, ta ló ń sọ̀kalẹ̀?"

Àgbọ̀n yín ló gbé wáyé. Mo fi àwòrán rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Mo tún ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sunkún, mo sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e sétí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i.

Mi ò tíì ra kẹ̀kẹ́. Olùtajà ń bá wa tọ́jú méjèèjì. Mo ṣì fẹ́ èyí tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n mo ti dákẹ́.

Ìyá Èrò Tuntun


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Ìyá ọmọ, ìyá ọmọ, ìyá ọmọ,

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dùn mọ́ ọ. O kú ewu o. Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo àdúgbò, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, tó ní kí n jẹ́ kí òun rí iṣẹ́ òun ṣe. Lóòótọ́, àgbọ̀n mi ni.

Mo gbé ohùn rẹ̀ sétí bí o ṣe wí. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, mi ò fún ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó mọ́, ó jọ tìrẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mélòó kan, kò sì sú mi.

Ra kẹ̀kẹ́ tó ń yí.

Ìyá àgbà


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ara gbogbo wa yá.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí, torí náà mo máa kọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo lọ gbọ́ ohun tí mo fi ránṣẹ́. Ohùn ọmọ kọ́. Mo tẹ èyí tí kò yẹ. Ariwo ẹ̀rọ tá a fi ń po ìyẹ̀fun ni. Ó ti ń ké bí irin tó ń lọ irin, mo sì gbà á sílẹ̀ kí ẹni tó ń tún un ṣe lè gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Kò sí ohùn ọmọ kankan níbẹ̀, kò sí ohun tó tín-ín-rín níbẹ̀.

Màámi, kí lẹ gbọ́?

Mi ò bínú. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Màámi mi,

Mi ò rí lẹ́tà yín. Mo pè, ó dún títí, ẹ ò gbé e. Bí ara yín ò bá yá, ẹ ní kí ẹnì kan kọ ọ́ sí mi. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn yín, ẹ bínú sí mi nínú lẹ́tà, mo lè fara da ìyẹn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Ilé ìtọ́jú ọmọ ti béèrè bóyá a fẹ́ àyè. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè.

Aláròyé


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Èrò Tuntun. Má fòyà, ara mi le. Ìtìjú ló dí mi lọ́wọ́, kì í ṣe àìsàn.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ. Mo gbé fóònù sétí, ó dákẹ́. Mo wá jókòó, mo ro bí ohùn ọmọ rẹ ṣe máa rí, mo sì kọ ọ́. Omijé yẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́ níbẹ̀. Etí òsì mi ti di pátápátá. Ti ọ̀tún ń gbọ́ ìró ńlá, bí ilẹ̀kùn bá gbá, bí ààrá bá sán. Dókítà etí ní ariwo ilé iṣẹ́ aṣọ ló bà á jẹ́.

O ò mọ ariwo yẹn, wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ kún inú gbọ̀ngàn náà, gbogbo wọn ń gbá pàpàpà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ò ní gbọ́. Nítorí náà, ẹnu lásán ni àwa obìnrin ibẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀, láìsí ohùn. Ètè ara wa là ń wò. Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu-rọ́bà máa ń dúró ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, á máa ṣòfófó ọ̀gá wa fún mi, ọ̀gá á sì dúró sáàárín wa gbagidi, kò ní mọ̀. A rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Nígbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mi ò tètè mọ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ojú gbọ́rọ̀. Tí mo bá délé, mo máa ń di àgbọ̀n rẹ mú, màá ní, "Kọjú sí mi kí o tó sọ̀rọ̀." O rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń kọ́ ọ. Mo jẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jà fún kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Bí ojú ọmọ bá kọ mí, tó bá ń sunkún, mo máa rí i. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lè ké títí ohùn rẹ̀ á fi há, èmi á máa tì í lọ ní tèmi, inú mi á máa dùn. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni pé tí o bá mọ̀, o ò ní fi ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ta ní ń gbé ọmọ fún adití? Mo fẹ́ tọ́jú ọmọ yẹn débi pé mo purọ́ fún ọ.

Ẹlẹ́nu-rọ́bà ló bá mi wí. Ó ka àwọn lẹ́tà rẹ, ó dúró níwájú mi, ó fi ètè sọ ọ́ bíi ti àtijọ́: "Sọ fún ọmọ ẹ." Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí i. Ó di àgbọ̀n mi mú.

Mo ti gbé báàgì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí o bá sọ náà la ó ṣe. Tí o bá ní kí n má wá, mo lè sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní bínú.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án

Màámi mi,

Ẹ gbé báàgì padà sẹ́nu ọ̀nà.

Inú bí mi o, mi ò ní parọ́. Mo gbé ọmọ lọ kí wọn níbi iṣẹ́, mo ní kí n bá wọn ṣe díẹ̀, mo sì ń bínú láti àárọ̀ títí búrẹ́dì fi jóná. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo sínú fóònù, tí mo rò pé ẹ̀rọ ni kò dára. Lẹ́yìn náà mo rántí ohun tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́, pé tí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, mo máa ń tẹjú mọ́ ọn bí ọlọ́pàá, mo sì máa ń la ẹnu dáadáa bí ẹni tó ń kọ́ni ní ìwé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ọ̀gá wa ní kí n máa lọ sílé.

Ilé kọ́ ni mo lọ. Mo gbé Èrò Tuntun, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi òwú di etí mi méjèèjì, mo tún wé gèlè lé e. Mo gbé ọmọ sínú èyí tó fúyẹ́, mo ń tì í lọ sókè sódò láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà lórí ìlà. Ó ń lọ geere. Mo ń sọ nínú mi pé, ẹ wò ó, kò sí wàhálà. Olùtajà ló sáré wá gbá mi léjìká. Nígbà tí mo yíjú wo ọmọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ẹnu rẹ̀ ti ya títí dé etí. Mi ò mọ̀. Màámi, èmi tí mo bí i, mi ò mọ̀.

Mo rẹ̀ ẹ́ títí ó fi dákẹ́. Mo wá gbé e sínú èyí tó ń yí, mo dojú rẹ̀ kọ mí, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó tún fẹ́ sunkún, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ síta, iwájú orí rẹ̀ wá sún jọ. Mo ti gbé e kó tó dún rárá. Mo rí ẹkún náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá, ẹkún ni wọ́n ń dúró dè.

A ti rà á. Aládùúgbò wa, Ìyá Ìsàlẹ̀, ti fún wa láyè lábẹ́ àtẹ̀gùn, torí náà ẹnikẹ́ni ò ní gbé òjé gun òkè. Fún inú ilé, ọkọ mi ti wá ẹ̀rọ kékeré kan tí iná rẹ̀ máa ń tàn tí ọmọ bá ké, ó ti so ọ̀kan mọ́ yàrá, ó so ọ̀kan mọ́ ibi ìdáná, ó fẹ́ so ọ̀kan mọ́ yín lọ́rùn ni mo bá dá a dúró. Tí ẹ bá dé, a jọ máa lọ rí dókítà etí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ má sì ṣe fi nǹkan ara yín pamọ́ fún mi mọ́.

Ọmọ mi ò ní lọ sí ilé ìtọ́jú kankan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi í lé lọ́wọ́, pẹ̀lú etí yín bó ṣe wà yẹn. Ẹ máa bọ̀.

Aláròyé yín


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá

Màámi,

Ẹ káàárọ̀. Mo fi ìwé yìí sábẹ́ ife yín torí mi ò fẹ́ jí yín. Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú fìríìjì. Bọ́tìnì tó ń yí ìjókòó wà lábẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga. Àyà mi ń já díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lọ.

Èmi


Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà

Aláròyé mi,

Ẹ̀yìn ìwé rẹ ni mo kọ ọ́ sí, torí o ti sùn lórí àga kí o tó bọ́ bàtà. O kú iṣẹ́ o. Mo ti bọ́ bàtà náà fún ọ.

A jẹun, a sùn, a jáde. Èmi àti ọkọ mi kékeré rìn títí dé ibi tí àwọn igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, a ń wo ara wa lójú. Gbogbo ìtàn Ẹlẹ́nu-rọ́bà ni mo sọ fún un. Ẹ̀rín ló ń rín. Bí a ṣe ń lọ, ó kàn gbójú kúrò lára mi, ó ń wo nǹkan kan lẹ́yìn èjìká mi, ojú rẹ̀ là kedere. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin kan ló gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí agogo, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mi ò gbọ́. Ọmọ yìí ló rí i fún mi. Mo ṣe bí ẹni pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, òun náà ti ń ṣọ́ mi.

Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí fìlà bọ́ sójú rẹ̀. Mo rí i.

Lọ́la, má fi ìwé sábẹ́ ife mọ́. Lẹ́tà ti tó. Jí mi, kí o di àgbọ̀n mi mú, kí o kọjú sí mi, kí o sọ ọ́.

Ìyá rẹ